Orí Kẹfà: Áńgẹ́lì Aràrá Nínú Ooru Ìlọrin

Ẹni tó bá dé Dàda ní Òkèlélé, níbi tí àwọn obìnrin Ìlọrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran, yóò rí àmù tó tò lọ sílẹ̀ bẹẹrẹ. Kò sí ọmọ Ìlọrin tí a ní láti kọ́ ní iṣẹ́ tí àmù ń ṣe. Ẹ bu omi sí i lálẹ́. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí oòrùn ń jó páànù lórí ilé, omi inú rẹ̀ á ṣì tutù. Ara àmù máa ń làágùn. Omi tó làágùn yẹn ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ti ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lo ọgbọ́n yìí kan náà: ó fi ìkòkò méjì tí a ki bọ inú ara wọn, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, ṣe ohun tí ń mú ewébẹ̀ tutù láìlo iná. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Mo fi àmù bẹ̀rẹ̀ orí yìí nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ni yóò gba ẹ̀mí ẹja òkun là nínú pálọ̀ yín.

Ìlọrin jìnnà sí òkun ní nǹkan bíi 300 kìlómítà lójú títì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé jíjìnnà yìí ni ìṣòro. Kì í ṣe òun. Omi òkun ṣeé pò nínú ike. Ooru oṣù Kẹta àti iná tí wọ́n ń mú lọ ni ọ̀tá, àwọn méjèèjì sì ni ẹ gbọ́dọ̀ borí kí ẹja tó wọlé.

Ẹja tí à ń sọ

Orúkọ rẹ̀ máa ń da ènìyàn rú. Bí ẹ bá béèrè ẹja áńgẹ́lì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ nígboro, èyí tí wọ́n sábà máa ń gbé jáde ni ti omi odò, pẹlẹbẹ kan tó ní lẹbẹ gígùn lókè àti nísàlẹ̀, tí ìran rẹ̀ ti odò Amazon wá. Ẹja rere ni, àmọ́ òun kọ́ là ń sọ. Áńgẹ́lì tiwa níhìn-ín ń gbé inú òkun, láàárín òkìtì iyùn. Àwọn aràrá inú wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Centropyge. Irú wọn lé ní 30, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ.

Etíkun tiwa náà ní áńgẹ́lì. Holacanthus africanus ń gbé láti Senegal títí dé Congo. Ṣùgbọ́n ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kò sì sí táǹkì pálọ̀ tó gbà á. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ òkun rẹ̀ lọ. Nínú Atlantic yìí kan náà ni aràrá kan wà ní erékùṣù Ascension, láàárín Áfíríkà àti Brazil. Centropyge resplendens ni wọ́n ń pè é, kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ sì tó fún un lórúkọ. Ó wù mí púpọ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà, nítorí náà n kò ní kọ̀wé lé e lórí ju báyìí lọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ẹ ó ti dá áńgẹ́lì mọ̀. Nísàlẹ̀ awẹ́ tó bo ibi tó fi ń mí, ẹ̀gún kan yọ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún yìí máa ń há sínú àwọ̀n, ẹja á máa jà, ojú rẹ̀ á sì bó. Nítorí náà ẹ má fi àwọ̀n kó o. Ife oníke ni kí ẹ fi bù ú pẹ̀lú omi.

Ẹni tó ti sin àrọ̀ rí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ìlọrin máa ń sọ fún mi pé àwọn mọ ẹja. Lóòótọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìmọ̀ yẹn lè ṣì wọ́n lọ́nà. Àrọ̀ ní ohun kan lórí ibi tó fi ń mí tó lè fi gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rà á láàyè lọ́jà, kí ẹ gbé e sínú ike olómi díẹ̀, kí ó sì máa jà fitafita títí dé ilé ìdáná. Áńgẹ́lì kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú omi nìkan ló ń mí, afẹ́fẹ́ ọ̀hún kò sì pọ̀. Lítà kan omi odò, bó bá wà ní 25°C, lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 8.3 ọ́síjìn. Omi òkun kò lè gbà ju 6.7 lọ. Bí ooru bá gbé omi òkun náà dé 30°C, ó di 6.2. Ẹ wá ro bí yóò ti rí nígbà tí iná bá lọ lóru, tí omi dúró láìmì, tí gbogbo ohun abẹ̀mí inú táǹkì sì ń fà lára ìwọ̀nba tó kù.

Omi pípò

Táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 45, gba lítà 225. Òun ni mo fara mọ́ fún áńgẹ́lì aràrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹja kéékèèké méjì mẹ́ta. Àwọn agé-gíláàsì lè kàn án fún yín. Kí gíláàsì nípọn tó mílímítà 10. Ẹ bá wọn ra silicone fúnra yín, nítorí èyí tí wọ́n fi ń lẹ balùwẹ̀ ní oògùn nínú, oògùn náà yóò sì pa ẹja. Táǹkì tó kún yóò wúwo ju kìlógíráàmù 250 lọ. Tábìlì ọ̀ṣọ́ kò lè gbé e: ẹ lọ bá wẹ́dà kó jó ẹsẹ̀ irin fún un.

Bí a bá yọ àyè òkúta àti iyanrìn kúrò, omi inú rẹ̀ yóò tó lítà 180. Gíráàmù 35 iyọ̀ ni lítà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, èyí tó jẹ́ kìlógíráàmù 6.3 fún ìgbà àkọ́kọ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ o. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní calcium, kò ní magnesium, kò sì ní àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí omi kan. Iyọ̀ àkúéríọ̀mù ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe láti di omi òkun. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ lítà 20 lọ́sẹ̀, gíráàmù 700 ni ẹ ó máa lò, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kìlógíráàmù 3 lóṣù. Ẹ ṣírò owó rẹ̀ báyìí kí ọkàn yín tó fà sí ẹja.

Omi tí ẹ ó fi pò ó ńkọ́? Omi ẹ̀rọ tó ń ti Dáàmù Ásà wá ní klorín. Omi bọọ̀hó ń gbé èròjà ilẹ̀ wá. Ẹ ra TDS mítà, ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tí ń sọ iye ohun tó ti yòrò sínú omi, kí ẹ sì fi wọn omi inú ọ̀rá láti ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ yín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo RO, asẹ́ tí ń yọ ohun tó ti yòrò kúrò nínú omi, máa ń ní omi tí iye rẹ̀ kéré gan-an. Àwọn mìíràn kàn ń sẹ́ bọọ̀hó lásán ni. Bí iye náà bá ti sún mọ́ òdo, ẹ rà á ní àpò àpò. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ lójú, àmọ́ ó ti gba ara bàbà kọjá, bàbà sì ni májèlé fún ohun púpọ̀ tó wà nínú táǹkì. Ẹ dà á sí ìdí òdòdó.

Inú ike ńlá ni kí ẹ ti pò ó, kí pọ́ǹpù máa rò ó fún odindi ọjọ́ kan. Refractometer, ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju òṣùwọ̀n tí ń léfòó lọ. Ó yẹ kó fi 1.025 hàn. Lẹ́yìn èyí ni òkúta oníhò àti iyanrìn funfun tí a fi iyùn ṣe yóò wọlé. Òkúta ńlá ilẹ̀ wa, irú ti Òkè Sóbì, le pátápátá, kò sí ihò tí kòkòrò àìfojúrí yóò gbé nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ yín. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia. Àwọn kan ń sọ ammonia di nitrite, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ó ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹ máa sọ edé tútù kékeré kan sínú omi kí wọ́n rí nǹkan jẹ, kí ẹ sì máa wọn omi náà títí ammonia àti nitrite yóò fi di òdo.

Ooru

Áńgẹ́lì aràrá fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 27°C. Ní Ìlọrin, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán máa ń tó 35°C, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Omi tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú yàrá abẹ́ páànù láìṣe nǹkan kan yóò lé 30 láìpẹ́.

Yàrá lẹ ó kọ́kọ́ yàn. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìwọ̀ oòrùn, kì í sì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá àárín ilé tó ní ṣílíìnì, tí oòrùn kì í kan ògiri rẹ̀, ló dára jù. Àwọn tó ṣì ń gbé ilé alámọ̀ ti àwọn bàbá wa ti rí yàrá tó dára ju ti oníbíríkì lọ. Ògiri tó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ooru.

Fáànù wá ló kàn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì kó máa fẹ́ sí ojú omi, kó má fẹ́ sí gíláàsì. Ẹ má ṣe fi gíláàsì dé táǹkì, nítorí ọmọrí yẹn yóò dá ooru dúró; nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a nà sórí igi ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹja má fò jáde, kí eruku ọyẹ́ má sì wọlé púpọ̀. Ojú omi á wá di ara àmù. Fáànù kan lè mú omi walẹ̀ ní dígíríì 2 sí 4. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára gan-an, débi pé àwọn òru kan wà tí ẹ ó ní láti pa á, kí ẹ tan ohun tí ń mú omi gbóná. Ìgbà tó ń le jù ni ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò ti ń ṣú, tí afẹ́fẹ́ ti ń lọ́rinrin, tí ooru kò sì tíì lọ. Àmù pàápàá kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lásìkò náà. Ẹ ní fáànù méjì nílé fún oṣù yẹn, kí ẹ sì máa fi ìgò omi dídì méjì sínú fíríìsà. Bí omi bá kọjá 29, ẹ jẹ́ kí ìgò kan léfòó nínú rẹ̀ láì ṣí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi ré walẹ̀ lójijì.

Fáànù ní owó orí tirẹ̀: omi á máa gbẹ ní lítà mélòó kan lójúmọ́. Ibí ni èmi alára ti ṣe àṣìṣe ńlá. Nígbà tí mo rí i pé omi ti fà, omi iyọ̀ tí mo ti pò sílẹ̀ ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Iyọ̀ kì í gbẹ lọ pẹ̀lú omi. Ẹni tó ti se omi iyọ̀ gbẹ nínú ìkòkò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò ronú kàn án. Iyọ̀ inú táǹkì ń ga sí i títí àwọn ìgbín inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ara gíláàsì. Omi lásán, tí kò ní iyọ̀ rárá, ni ẹ ó fi máa dí ohun tó gbẹ. Ẹ lẹ téèpù mọ́ gíláàsì níbi tí omi dé, kí ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi kan téèpù padà.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Ẹ má fi ọkàn sí jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ẹni tó ń sùn kò lè mọ ìgbà tí iná lọ. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo USB kì í jẹ ju wáàtì 1 sí 2 lọ. Power bank 20,000 mAh tí ẹ fi ń gba fóònù sílẹ̀ lè gbé e fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ ra méjì, kí wọ́n wà lójú iná nígbà gbogbo. Fáànù tí ń gba iná sílẹ̀, èyí tó wà ní ilé gbogbo wa, lè ṣiṣẹ́ lórí táǹkì náà. Kí ẹ̀yin kúkú máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá lágbára inverter àti sólà ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ìṣòro orí yìí.

Nítorí iná yìí kan náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ará Ìlọrin pé kí wọ́n má ṣe lo asẹ́ inú agolo tó dé pa. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí inú rẹ̀ yóò kú fún àìrí ọ́síjìn. Bí iná bá sì dé, gbogbo ìdọ̀tí yẹn ni yóò tú sínú táǹkì. Òkúta oníhò inú táǹkì àti asẹ́ fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́ tó wa. Bí agbára bá wà, ẹ fi skimmer, ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó fa ìdọ̀tí jáde, kún un.

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ń fa ohunkóhun tó bá wà nínú yàrá sínú omi. Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, àwọn kòkòrò nìkan kọ́ ló ń pa. Ó le púpọ̀ fún ẹja. Ẹ má fín in sí yàrá yẹn láé, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta sórí bẹ́ẹ̀dì. Tùràrí náà, tí a fẹ́ràn nílé wa, kí wọ́n máa jó o ní yàrá mìíràn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò tiẹ̀ yẹ kó wọlé rárá, nítorí ti ènìyàn pàápàá.

Èwo ni kí ẹ rà

Centropyge bispinosa, tí àwọn olówò ń pè ní coral beauty, ni mo dìbò fún. Ara rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú tó gbó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí àwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú ilà wẹ́wẹ́. Kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń fara da àṣìṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Centropyge argi láti òkun Caribbean kéré jù ú lọ, sẹ̀ǹtímítà 8, àmọ́ oníjà ni. Centropyge loriculus pupa bí iná, pẹ̀lú ilà dúdú lóòró; òun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún kejì. Centropyge bicolor, tó jẹ́ ofeefee níwájú tó sì jẹ́ búlúù lẹ́yìn, máa ń kọ oúnjẹ, ó sì máa ń kú mọ́ àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ má rà á.

Èyí tó jẹ́ ofeefee látòkè délẹ̀, tí òrùka búlúù yí ojú rẹ̀ ká, ni Centropyge flavissima. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ọmọ ẹja kan wà, Acanthurus pyroferus, tó máa ń fara wé e nígbà èwe. Bó bá dàgbà, aṣọ ofeefee á bọ́, yóò sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: bí ẹ kò bá rí ẹ̀gún, kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ẹyọ kan ni kí ẹ rà. Méjì tó dọ́gba yóò bá ara wọn jà dójú ikú. Nínú òkun, akọ kan ló ń ṣọ́ abo mélòó kan. Abo ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́. Bí akọ bá kú, èyí tó tóbi jù nínú àwọn abo yóò di akọ. Ẹni tó bá fẹ́ méjì dandan, kó ra ńlá kan àti kékeré kan, kó sì tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí i tó ń jẹun, kódà bó bá jẹ́ fídíò ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kí ikùn rẹ̀ má wọnú, kí ojú rẹ̀ mọ́, kó máa ṣá òkúta jẹ láìsinmi. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú un. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn kan ní Philippines ti ń fi cyanide mú ẹja òkìtì iyùn. Ẹja bẹ́ẹ̀ lè dára lójú, kó máa jẹun, kó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti Èkó dé Ìlọrin, òru ni kí ó rìn, nínú ọ̀rá tí ọ́síjìn pọ̀ ju omi lọ, nínú àpótí fóòmù. Bó bá dé, ẹ fi okùn rọ́bà tín-ín-rín máa kán omi yín sí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Kò gbọdọ̀ wọ táǹkì ńlá lọ́jọ́ náà. Ike lítà 60 kan, asẹ́ fóòmù àti ègé páìpù PVC tí yóò sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá rí àmì funfun wínníwínní bí iyọ̀ lára rẹ̀, àrùn Cryptocaryon nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn oníbàbà, nítorí áńgẹ́lì aràrá kì í gba púpọ̀ rẹ̀. Ẹ lò ó pẹ̀lú ohun ìwọ̀n tàbí kí ẹ má lò ó. Bí àrùn yìí bá wọ táǹkì ńlá, ọjọ́ 76 láìsí ẹja kankan nínú rẹ̀ ni yóò gbà kó tó parun. Ìdí tí mo fi fẹ́ ike yẹn nìyí.

Oúnjẹ kò le. Jíjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ dára ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ewé òkun gbígbẹ tí àwọn ará Japan fi ń wé ìrẹsì ni oúnjẹ gidi rẹ̀. Kí ó má ní òróró tàbí iyọ̀. Edé tútù tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja yìnyín, dára lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ewé tútù tó ń hù fúnra rẹ̀ lára òkúta, kì í sì í pọ̀ tó kí táǹkì tó pé oṣù mẹ́fà.

Ìgbà

Nítorí náà, oṣù Kìíní ni kí ẹ po omi. Ní oṣù Kejì, kí àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí máa pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, kí táǹkì wà láìsí áńgẹ́lì, kí fáànù máa ṣiṣẹ́, kí iná máa lọ kó máa bọ̀. Ẹ máa ka tẹmómítà ní aago mẹ́ta ọ̀sán lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iye tó ga jù nínú ìwé náà kò bá kọjá 28, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí Èkó ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti mú ọ̀nà tutù. Bó bá kọjá, ẹ tún yàrá ṣe, ẹ fi fáànù kún un, kí ẹ sì dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra ẹja náà ṣáájú ìwé yẹn.